Ìran Ewúrẹ́ Ìyá Ràbí àti Iṣẹ́ Ọ̀dá Tí Mo Fi Ayé Mi Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, mo kí yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó jẹ́ kí ojú mi ṣì ríran débi tí mo fi lè kọ èyí fúnra mi, tí kò jẹ́ kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n, tó sì fún mi ní ìyàwó tí kò bínú sí mi nígbà tí gbogbo ìlú ń pè é ní Ìyàwó Ọlọ́dàá. Mo ti dúpẹ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n wá bínú.

Òbúkọ ni mo fi ayé mi tẹ̀ lọ́dàá. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín kò bá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: bí a bá sọ akọ ẹran di ẹni tí kò lè gun abo mọ́, kí ó lè sanra, kí ó má rùn, kí ó má jà, kí ẹran ara rẹ̀ rọ̀ lẹ́nu, ọ̀dá là ń pè é. Láti Ìsánlú-Ìsin dé Òwu-Ìsin, títí dé ìsọ̀ ẹlẹ́ran ní Àjàṣẹ́-Ìpo, agbo ilé tí mi ò tíì kúnlẹ̀ sí kò pọ̀. Mi ò tijú iṣẹ́ náà. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ kan tó gba ẹnu yín kan lóde òní: bíríìdì.

Ewúrẹ́ tó bá ga, bíríìdì. Èyí tí etí rẹ̀ bá gùn, bíríìdì. Èyí tí wọ́n bá fi ọkọ̀ gbé wá láti òkè Ọya, bí ó tilẹ̀ ń wúkọ́, bíríìdì ni. Mo bi ọ̀kan nínú yín léèrè pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ìyẹn ni pé ó dáa." Irọ́ ni. Ọ̀gá tó wá láti ilé iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran, tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀nà méjì ló gbà lò ó. Ó lò ó fún iṣẹ́ kí a yan akọ fún abo kí wọ́n lè bímọ. Ó tún lò ó fún ìran tí ẹran ti wá, ohun tó mú láti ara bàbá àti ìyá rẹ̀. Àwa náà sì ti ní gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Bí abo bá ń ké tó ń ju ìrù, a ní ó ń wá akọ. Akọ á gùn ún, á lóyún, á bí. Ohun tí ọmọ fi jọ ìyá ìyá rẹ̀, ìran la pè é. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé gíga nìkan ni ìran. Ewúrẹ́ dúdú kúkúrú tí ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìnkùlé ìyá yín àgbà, tí ń bí méjì, tí ń bí mẹ́ta, tí eṣinṣin inú igbó ń jẹ tí kò kú, òun náà ní ìran. Ẹ̀yin lẹ ń pè é ní ẹran lásán.

Irú ìran bẹ́ẹ̀ kan wà lọ́wọ́ obìnrin kan tí à ń pè ní Ìyá Ràbí, ní Ìdí-Ayin, ìletò kékeré lẹ́yìn Òwu-Ìsin. Ìyá rẹ̀ ló fà á lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ọwọ́ èmi tí mò ń kọ̀wé sí yín yìí ni ìran náà fẹ́ parun sí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí, kí ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé-kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀wé. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà mọ́sáláásí kó wa lọ sí ilé-ìwé tí ẹgbẹ́ mùsùlùmí dá sílẹ̀, mo sì ka ìwé mẹ́fà. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún títì ni bàbá mi fà mí lé Bàbá Súlè, tó ń tẹ ẹran lọ́dàá ní Ìsánlú, lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n jọ sọ àti ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá mi, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Bàbá Súlè rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ojú òsì rẹ̀ kò là tán, bí ìgbà tí ọdẹ bá ń wo ẹran láti òkèèrè. Ó mọ kéwú dáadáa, kì í pẹ́ kírun, kì í sì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún kan gbáko, mi ò fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ojú ni mo fi ṣiṣẹ́. Bí a bá wọ agbo ilé, wọn á gbé omi fún un, á mu, á nu ẹnu, á wá nàka sí ọmọ ewúrẹ́ kan.

"Sàlíù, ta ni bàbá èyí?"

N óò lọ wo gbogbo òbúkọ tó wà ní agbègbè náà. N óò wo iwájú orí, n óò wo bí etí ṣe dúró, n óò wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí mo bá ṣì í, á kàn nàka sí ọ̀nà.

"Máa lọ sílé. Kò sí oúnjẹ níbí fún ẹni tí kò mọ bàbá ẹran."

Mo ti fi ebi rìn láti Òwu dé Ìsánlú débi tí mo mọ iye afárá tó wà lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, ṣebí a fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ni. Ẹran tí kò ní í bímọ mọ́, kí la fẹ́ fi bàbá rẹ̀ ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín tán, ó wá fọ́ mi létí. Ìgbátí yẹn kò dùn mí tó ẹ̀rín tó ṣáájú rẹ̀.

Ọdún kejì ni mo tó mọ ìdí. Bí a bá dé ilé kan, á sọ fún onílé pé, "Ẹ mú akọ yín tó dáa jù wá." Onílé á fa òbúkọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìyàngàn. Bàbá Súlè á fọwọ́ pa á lẹ́yìn, á wo eyín rẹ̀, á fọwọ́ wọn kóró ẹpọ̀n rẹ̀ méjèèjì bóyá wọ́n dọ́gba. Á wá sọ pé, "Ẹ tú èyí sílẹ̀. Òun ni bàbá. Ẹ mú ìyókù wá."

"Bàbá Súlè, èyí ló máa sanra jù kẹ̀!"

"Ìdí nìyẹn."

Bí onílé bá kọ̀, á ká ọ̀bẹ rẹ̀ sínú aṣọ, á dìde, kò sì ní tẹ ẹyọ kan nínú ẹran ilé náà lọ́dàá lọ́jọ́ náà. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bú u jáde ní agbo ilé kan. A bọ́ sójú ọ̀nà. Ó ní, "Aláìgbọ́n á ta èyí tó dáa, á fi jákujàku ṣe bàbá ẹran. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta á ní àjẹ́ ló ń jẹ ewúrẹ́ òun."

Ìgbà tí mo wá dé ìdí ọ̀bẹ, ìmọ́tótó ló fi jẹ mí níyà. Omi gbígbóná, ọ̀bẹ tó mú, bísímílàhì, ìgé kan, òrí, ó parí. Bí mo bá gé e lẹ́ẹ̀mejì, mi ò ní jẹun. Bí ẹran bá ké ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò ní jẹun. Mo bi àáfà wa léèrè bóyá iṣẹ́ náà kò lòdì sí ẹ̀sìn. Ó ní àwọn àáfà kan kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bí àǹfààní bá wà níbẹ̀ tí a kò sì fìyà jẹ ẹran, òun kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Èyí tí mo dì mú nìyẹn títí dòní.

Mo ti ń ṣe tara mi fún bí ọdún mẹ́wàá kí ẹ̀mú tó dé. Ọ̀gá láti ilé iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran, ẹni tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pe àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí jọ sí Àjàṣẹ́, ó kọ́ wa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀mú náà dà bí ti alágbẹ̀dẹ, apá rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ kò mú. A ó fi ẹnu rẹ̀ há iṣan tó lọ sídìí kóró láti òde awọ, a ó tẹ̀ ẹ́, iṣan á fọ́ nínú, awọ kò ní ya. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egbò, kò sí eṣinṣin. Mo gbé e lọ han Bàbá Súlè bí ẹni gbé ìyàwó tuntun wálé. Ó ti darúgbó nígbà náà, orí ẹní ló wà.

Ó gbà á, ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Ó ní, "Ó dáa. Ẹran kò ní jìyà. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ a máa mú ká ronú, Sàlíù. Ohun tí kò bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ọwọ́ kì í wúwo láti ṣe é."

Mo ní, "Bàbá, ìgbà ló yí padà." Ó dá ẹ̀mú mi padà fún mi. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tó fi jáde láyé, kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wá ṣe.

Oníṣòwò kan wá láti Ìlọrin sí Ìdí-Ayin. Ó ní ọ̀dá ni òun ń fẹ́, iye tí wọ́n bá ní, òun á padà wá kó wọn bí wọ́n bá ti sanra. Agbo ilé mẹ́jọ péré ló wà ní Ìdí-Ayin. Òbúkọ wọn kì í gbé ilé kan. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òbúkọ ibí á gun ewúrẹ́ ọ̀hún, ti ọ̀hún á gun ti ibí, kò sẹ́ni tí ń bi òbúkọ pé ta ló ni ọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Nígbà ọ̀bẹ, ilé dé ilé là ń lọ, a ó jókòó, a ó wò. Nítorí ẹ̀mú, mo ní kí wọ́n kó gbogbo òbúkọ wá síwájú mọ́sáláásí, èmi á dúró síbẹ̀.

Wọ́n fi okùn fà wọ́n wá, ńlá, kékeré, títí kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ìyá Ràbí fa tirẹ̀ wá. Òbúkọ dúdú ni, àyà rẹ̀ fẹ̀, àmì funfun kan wà ní orúnkún rẹ̀ òsì. Gbogbo ìran náà ló ní àmì yẹn, akọ, abo. Mo mọ̀ pé òun ló bí ìdajì àwọn ọmọ ewúrẹ́ tó ń sáré kiri níbẹ̀.

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ ò ṣe fi èyí sílẹ̀?"

"Ti ilé Mọ́gàjí wà," ni Ìyá Ràbí dáhùn. "Ṣé èmi nìkan ni n óò máa sin akọ fún gbogbo ìlú ni? Ó ti jẹ iṣu mi tó."

Mo yíjú sí Mọ́gàjí, olórí agbo ilé kejì sí tirẹ̀. Ó ń fa méjì lọ́wọ́.

"Ti Ìyá Ràbí ló ń gun tiwa," ni Mọ́gàjí sọ. "Kí ni mo fẹ́ fi òórùn òbúkọ ṣe? Ìyàwó mi ti ní tí kò bá kúrò nílé, òun á kúrò."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tẹ tìyá, mo tẹ méjèèjì ti Mọ́gàjí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ṣe kí oòrùn tó kan àtàrí. Tí mo bá ń fi ọ̀bẹ ṣe é ni, á gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan. Inú mi dùn sí ara mi. Nígbà tí mo ń nu ẹ̀mú, ọkàn mi sọ nǹkan kan fún mi, mo wá gbé ohùn sókè pé, "Ṣé akọ ṣì kù nílé o?"

"Ó kù!" ni wọ́n dáhùn. Onílé yìí nàka sílé tọ̀hún, onílé tọ̀hún nàka sílé yìí. Mo gbọ́ "ó kù" láti ilé mẹ́jọ, mi ò sì fojú rí òbúkọ kan ṣoṣo. Mo di ẹrù mi, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé kò sí òmùgọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ewúrẹ́ Ìdí-Ayin yàgàn. Olúkúlùkù kàn gbà pé aládùúgbò òun ni yóò ṣe èyí tó nira. Ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó mọ̀, kó sì kọ̀. Èmi ni.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, Ìyá Ràbí fẹsẹ̀ rìn wá bá mi ní Ìsánlú. Ìyàwó mi gbé àpótí fún un, kò jókòó.

"Sàlíù."

"Ìyá mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Ewúrẹ́ mi ń ké láti àná. Ó lọ bá ọ̀dá, ó ju ìrù sí i nímú. Ṣé o mọ ohun tí ọ̀dá ṣe? Ó ń jẹ èèpo iṣu! Kò tilẹ̀ gbórí sókè!"

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá.

"Rẹ́rìn-ín, ìyàwó," ni Ìyá Ràbí wí. "Rẹ́rìn-ín dáadáa, ọkọ rẹ ló ṣe é." Ó kọjú sí mi. "Mo ti yí ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ká. Níbo ni akọ wà?"

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ti Mọ́gàjí wà."

"Èmi tí mò ń ṣe òrí tà ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí o kọ́ṣẹ́ ńkọ́? Kí ni wọ́n kọ́ ọ fún?"

Ẹ sì wò ó, àtúnṣe wà nítòsí. Òbúkọ dúdú kúkúrú tó dáa wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Bàbá Súlè, ní ẹ̀yìn ilé mi gan-an. Bí mo bá lọ yá a fún oṣù kan, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí léèrè pé kí ló dé tí Ìdí-Ayin kò fi ní akọ, n óò sì sọ pé èmi, ọmọ iṣẹ́ bàbá wọn, ni mo tẹ gbogbo rẹ̀ lọ́dàá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ojú tì mí. Mo fi í falẹ̀. Kí n tó pinnu, oníṣòwò Ìlọrin ti padà wá kó ọ̀dá rẹ̀, wọ́n sì rojọ́ fún un.

"Ìyẹn nìkan?" ló wí. "Mo máa gbé akọ wá fún yín láti òkè. Bíríìdì gidi. Ẹ ó gbàgbé àwọn ràrá yín wọ̀nyí."

Ó gbé e wá lóòótọ́. Òbúkọ pupa, ó ga tó ìbàdí àgbàlagbà, etí rẹ̀ ń fì. Wọ́n ń ya wá wò ó láti Òwu. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wo orí rẹ̀, mo wo ìbàdí àwọn abo tó ń dúró dè é, mo sì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́.

Ìgbà òjò ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Abo tí ń bí mẹ́ta kéékèèké tẹ́lẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú wọn, orí rẹ̀ tóbi ju ọ̀nà tó máa gbà jáde lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnwọ́, mo ní bísímílàhì, mo ki ọwọ́ bọ inú ẹran Ìyá Ràbí. Òun ló di orí ẹran mú lórí itan rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀: "Pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ó kù díẹ̀, ìyá mi." Mo kan imú ọmọ, mo kan ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí bí mo ṣe lè yí i. Ewúrẹ́ náà ké títí ó fi kú sí wa lọ́wọ́.

Méjìlá ló lóyún ní Ìdí-Ayin. Méje kú sórí ìbímọ. Àwọn ọmọ tó yè nínú ìyókù, òjò pa wọ́n, wọn kò mọ ilẹ̀ wa. Mẹ́ta tó ti tó bí ni Ìyá Ràbí ní, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ọmọdébìnrin ewúrẹ́ kan ló ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, tí kò tíì dàgbà tó láti wá akọ. Òun nìkan ni ìran náà kù sí.

Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀. Mo retí èpè. Ó ní, "Dìde. Mi ò ní ṣẹ́ ọ léèpè. Ọlọ́hun rí ọ." Ẹ̀yin ọmọ, èpè ì bá sàn.

Láti ibẹ̀ ni mo lọ bá àwọn ọmọ Bàbá Súlè, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi bò. Wọ́n bú mi tó. Wọ́n sì yá mi ní òbúkọ. Nígbà tí ewúrẹ́ kékeré náà dàgbà, òbúkọ Ìsánlú gùn ún, ó bí méjì, àmì funfun wà lórúnkún wọn. Mo fi ara mi jìn fún òfin ọ̀gá mi padà: n kì í tẹ ẹran kankan lọ́dàá mọ́ láìjẹ́ pé mo fojú ara mi rí akọ tó máa kù. Ọ̀pọ̀ oníbàárà fi mí sílẹ̀. Wọ́n ní mo ti ń ṣe bí ẹni tó ni ẹran. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, Ọlọ́hun kò sì jẹ́ kí ebi pa mí.

Àmọ́ ìran náà kò gbilẹ̀ mọ́. Bí ó bá bí akọ, wọ́n á fi ṣe ìsọmọlórúkọ. Bí ó bá bí abo, ajá pa ọ̀kan, ọkọ̀ pa ọ̀kan. Ìyá Ràbí jáde láyé, ó fi ewúrẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, Ràbí, tí òun náà ti di ìyá àgbà báyìí. Lọ́dún tó kọjá ewúrẹ́ náà bí akọ kan, alùpùpù sì pa ìyá rẹ̀ lójú títì kó tó pẹ́. Akọ kan ṣoṣo, dúdú, orúnkún òsì funfun. Òun ló kù láyé nínú ohun tí ìyá Ìyá Ràbí fún un.

Ọmọ Ràbí ń jẹ́ Mùfútáù. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó kúrò ní Ìlọrin wá sin ẹran ní Ìdí-Ayin, ó mọ ọgbà tó dáa, ó ra abo gíga mẹ́fà àti akọ kan tó jọ ẹṣin. Ó wá bá mi nílé pé kí n wá bá òun tẹ òbúkọ dúdú yẹn lọ́dàá, kó má baà fo ọgbà wọlé lọ gun àwọn abo òun.

"Á bà wọ́n jẹ́, Bàbá," ló wí. "Bíríìdì ni wọ́n."

Mo jókòó tì í, mo sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un, gbogbo rẹ̀, títí kan ẹrẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Ó gbọ́ ọ tán, ó wo fóònù rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ìgbà ló yí padà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ní kó máa lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, bí mo ṣe ń kúrò lórí ẹní ìkírun, fóònù mi dún. Ràbí ni. Ó ń sunkún.

"Bàbá, ó ti fi rọ́bà sí i."

"Nígbà wo?"

"Kò tíì pẹ́. Mo ń gbálẹ̀, mo gbọ́ bí ẹran ṣe ké."

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, òrùka rọ́bà kékeré kan wà lọ́jà báyìí. A ó fi irin fẹ̀ ẹ́, a ó fi bọ ìdí àpò kóró, rọ́bà á fún un títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé ibẹ̀ mọ́, títí gbogbo rẹ̀ á fi gbẹ, á já. Kò gba ìkọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ti lówó rẹ̀ lè ṣe é, kò ní bi ẹran léèrè pé ta ni bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí a bá tètè gé rọ́bà náà kí wákàtí tó pọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè padà. Ó lè padà. Kò dájú.

Mo mú réésà, mo gun ọ̀kadà. Mo ní kí ọlọ́kadà sáré, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn ni?"

Nígbà tí mo dé, òbúkọ náà wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń tapá, ó ń wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Ó ti wú, ó ti ń tutù. Ràbí di orí rẹ̀ mú. Mo ti ki réésà sábẹ́ rọ́bà nígbà tí Mùfútáù jáde.

"Bàbá! Ta ló ránṣẹ́ sí yín? Ẹran mi nìyẹn!"

"Ẹran tìyá rẹ ni."

"Ẹ ò lè wá sílé onílé wá máa gé nǹkan! Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ tẹ gbogbo òbúkọ Ìsin lọ́dàá? Ìgbà tí ó wá kan tèmi lẹ wá di olùgbàlà?"

Òtítọ́ ló sọ, ìyẹn ló mú kí inú bí mi jù. Mo ní, "Èmi ni! Èmi ni mo ṣe é! Ẹni tó ti ṣe é ló mọ̀ ọ́n! Bí o bá fọwọ́ kàn mí, réésà á gé ẹran, Ọlọ́hun á sì bi ọ́."

"Mùfútáù," ni Ràbí wí, kò gbé ojú sókè. "Dúró síbẹ̀ yẹn."

Mo gé e. Rọ́bà ta sí mi lójú. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ àpò náà, mo ń fọwọ́ ra á díẹ̀díẹ̀, mo ń ka gbogbo súrà tó bá wá sí mi lẹ́nu. Kò pẹ́, ó gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò mọ̀ bóyá omi ni tàbí ẹ̀jẹ̀. Mùfútáù bú mi títí mo fi gun ọ̀kadà padà. Ó ní bí akọ yẹn bá gun ọ̀kan nínú ewúrẹ́ òun, èmi ni òun máa mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ní kó lọ fi èèyàn ṣọ́ ọgbà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wíwú náà fi lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Ràbí fa òbúkọ náà lọ sílé tí Mọ́gàjí ayé àtijọ́ kọ́, wọ́n ní abo dúdú kúkúrú kan tó ń wá akọ níbẹ̀. Ó gùn ún. Ẹ má tíì yọ̀: akọ tí kóró rẹ̀ ti kú náà lè gùn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni a ó fi dúró. Bí abo kò bá lóyún, ọjọ́ náà ni yóò tún ké.

Inú ń bí mi ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Mo ń kírun, inú ń bí mi, mo ń tọrọ àforíjì, inú tún ń bí mi: sí oníṣòwò, sí Mùfútáù, sí ọwọ́ mi méjèèjì yìí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa sin ẹran, ẹ sìn ín, iṣẹ́ gidi ni, Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. Ẹ ra gíga bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi rọ́bà sí akọ kan, ẹ rin ilé dé ilé, kí ẹ fi ojú ara yín rí èyí tó kù. Ẹ má béèrè. Wọ́n á sọ fún yín pé ó kù.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé ní àná. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní láti àsùbáà. Mùfútáù kò tíì kí mi dòní, kó má kí mi. Ràbí pè nígbà tí oòrùn yọ.

"Bàbá, mo wà lẹ́nu ọ̀nà wọn láti ìdájí. Kò ké."

Láàárọ̀ yìí, ó tún pè. Kò ké.